Omi Tí Wọ́n Fẹ́ Sọ Lórúkọ

Ìdí ìkòkò aró ni mo wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ara mi ń ṣe ohun tí n kò rán an. Mo bẹ̀rẹ̀ láti fún aṣọ, ìró mi tú. Mo ró o padà, ó tún tú. Ìgbà náà ni mo wá wo ara mi dáadáa. Ìró tí ó máa ń yí mi po, tí etí rẹ̀ á tún gun ara wọn, kò kárí ikùn mi mọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ mi ńkọ́, èyí tí ó jẹ́ pé ọṣẹ ni mo fi ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Ó ti yọ́ bọ́ sínú aró láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ikùn ń ga, apá ń rù. Ẹni tí ó bá ní làákàyè á mọ̀ pé àwọn méjèèjì kì í rìn pọ̀ nínú ara tí ó dá. Àmọ́ ilé ọkọ ni mo wà, làákàyè kò sì pọ̀ lọ títí níbẹ̀.

N kò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ti ní kí n rọra, pé àwọn tí mò ń bú ti kú. Mo ní kí ó máa kọ ọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n wà láàyè, ta ló ní kí wọ́n rọra fún mi? Ẹni tí irú àìsàn yìí bá ń ṣe, tàbí tí ó ń ṣe ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀, kò nílò ọ̀rọ̀ dídùn. Ẹni tí yóò sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ló nílò.

Ọmọ Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mí, ilé aláró, ilé mùsùlùmí. Iléṣà ni mo ti lọ́kọ, nínú ilé onígbàgbọ́. Aṣọ ni ọkọ mi ń tà. Ó wà lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, tí wọ́n á tà á láwìn fún àgbẹ̀, tí wọ́n á padà wá nígbà ìkórè. Bí àgbẹ̀ kò bá rí owó san, Ìjẹ̀ṣà kò ní jà, kò ní pariwo. Á kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni, kò ní jókòó, kò ní dìde, títí ojú yóò fi ti onílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní òṣómàálò. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ní bí ó bá ti lóṣòó, ewúrẹ́ ilé náà pàápàá á máa wá nǹkan tí yóò tà.

Bí ó bá rìnrìn àjò, èmi àti ìyá rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù sílé. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é, bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ìyá. Ìyá ìjọ ni ní ṣọ́ọ̀ṣì àdúrà kan, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í lábàwọ́n. Orógbó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun fi ń tún ohùn òun ṣe nítorí orin. Ó ní ikọ́ kan tí ó ti ń wú láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn. Ikọ́ náà ti mọ́ wa lára débi pé, bí a kò bá gbọ́ ọ, à ń rò pé Yèyé kò sí nílé. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní, Dúpẹ́, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ eré é sá. Ẹ̀gbẹ́ Yèyé ló ń sùn. Ìyá àgbà ló ni ọmọ, a kì í bá a du ú.

Ọdún tí wọ́n ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì kí ó máa gba ọ̀tún ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ibà ló ṣáájú. Kì í wá láàárọ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni yóò dé, bí àlejò tí ó mọ ìgbà oúnjẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òógùn ti rin ẹní mi. Lẹ́yìn náà ni inú rírun dé. Ẹni tí ó bá ti fún aṣọ rí á mọ bí ó ṣe ń ṣe mí: ọwọ́ kan dì í mú lókè, ọwọ́ kan dì í mú nísàlẹ̀, wọ́n sì ń lọ́ ọ. Ìfun mi ni aṣọ. Á lọ́ ọ títí, á wá tú u sílẹ̀, ariwo á dún nínú mi tí ẹni tí ó jókòó tì mí á gbọ́. Bí mo bá ya ìgbẹ́ gbuuru lọ́sẹ̀ yìí, n kò ní rí nǹkan kan yà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Oúnjẹ ń rùn sí mi. Iyán tí Ìjẹ̀ṣà fi ń yangàn, bí mo bá ti jẹ òkèlè díẹ̀, ó ti dúró sí mi láyà. Nǹkan oṣù mi sì dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù yìí ló dá mi lóró jù. Yèyé ń ṣọ́ oṣù mi ju bí èmi fúnra mi ṣe ń ṣọ́ ọ lọ. Bí ó ti rí i pé n kò fọ aṣọ oṣù mọ́, tí ikùn sì yọ, ó ti mọ gbogbo ohun tí ó ní í mọ̀. Ó kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì wọn dìde, ó di ojú, ó ní ìbejì ni, ọkùnrin méjèèjì. Wòlíì tí kò rí ihò tí ó wà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ara rẹ̀, ó rí ọkùnrin méjì nínú ikùn mi. Yèyé lọ ra ọjá méjì, funfun, tí wọ́n hun dáadáa, pé ọmọ kan lẹ́yìn ìyá, ọmọ kan lẹ́yìn òun.

Mo sọ fún un pé mo ti lóyún rí, oyún kì í rí báyìí. Nígbà tí mo lóyún Dúpẹ́, ó ń mira nínú mi bí ẹja nínú garawa. Èyí kò mira rárá.

Yèyé rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó, ọmọ jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn ò jọ ìyá wọn.”

Gbogbo ẹni tí ó bá kọjá ń ṣàdúrà pé wọn á gbóhùn ìyá, wọn á gbóhùn ọmọ. Ohùn omi ni wọn ì bá gbọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá mọ etí í gbé. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, mo lọ bá ọkùnrin kan tí ń ta oògùn nítòsí ọjà. Ó gbé ohun tí dókítà fi ń gbọ́ àyà lé mi láyà, ó gbé e lé mi lẹ́yìn, ó mi orí bí ọlọ́gbọ́n. Apá tí ó yẹ kí ó fi sí etí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò fi sí i. Ó ta oògùn ẹ̀jẹ̀ fún mi.

Ìyá mi wá láti Òṣogbo, ó rí egungun ọrùn mi, ó sunkún. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú mi lọ sílé. Yèyé ní a kì í gbé oyún onílé lọ sóde. Ọkọ mi ti àjò dé, ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, màmá òun mọ̀ ọ́n ju òun lọ, ó sì tún gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹni tí ń gbọ́ mi mú èyí dání: bí ikùn rẹ bá ń ga tí ojúgun rẹ ń rù, tí ibà sì ń bá ọ sùn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí ọ kú oríire. Oyún kì í jẹ ìyá rẹ̀. Bí ó bá ń jẹ ọ́, nǹkan mìíràn ni.

Oṣù kẹsàn-án pé, ó kọjá. Wòlíì ní ayé ló di oyún mọ́lẹ̀. Wọ́n bu omi àdúrà fún mi títí mo fi kún ju bí mo ṣe kún lọ. Nígbà tí n kò lè dùbúlẹ̀ kí n mí mọ́, Yèyé fúnra rẹ̀ ló gbé mi lọ sí ọsibítù, kí wọ́n gba àwọn ọkùnrin rẹ̀ fún un. Ó di kànrìnkàn, ọṣẹ àti ọjá méjèèjì sínú igbá. Bí mo ṣe dé ọsibítù nìyẹn, tí mo lọ bí omi.

Ọ̀dọ̀ àwọn aboyún ni wọ́n mú wa jókòó. Bẹ́ǹṣì náà le, oòrùn ń ti ojú fèrèsé gun wá lójú. Àwọn aboyún tòótọ́ sún fún mi, wọ́n ní tèmi tóbi ju tàwọn lọ. Yèyé ń sọ fún wọn pé ìbejì ni. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí pè mí wọlé, ó fi fèrè onígi rẹ̀ lé mi níkùn, ó fi etí lé e. Ó gbé e síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún. Ó bi mí ìgbà tí ọmọ ti mira gbẹ̀yìn. Mo ní kò mira rí. Ó wo Yèyé, ó wo igbá tí Yèyé gbé dání. Ó jáde lọ pe dókítà.

Òyìnbó ni dókítà náà. Yorùbá rẹ̀ dà bí ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fọwọ́ kan ikùn mi láìṣàdúrà fún un. Ó fi ìka lù ú níbìí, ó lù ú níbẹ̀, ó ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó tún lù ú. Lẹ́yìn náà ó fi abẹ́rẹ́ pa ojú kan kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn mi, ó gún abẹ́rẹ́ ńlá wọ̀ ọ́, ó so rọ́bà mọ́ ọn, wọ́n gbé garawa sísàlẹ̀. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọyún. Àwọ̀ tíì tí wọ́n fi ewé díẹ̀ sè ni. Ó ń dà, ikùn mi ń lọ sílẹ̀, mo sì ń rí ẹsẹ̀ ara mi láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí n kò rí fún ìgbà pípẹ́.

Yèyé dúró ti ògiri, ó di ọjá méjèèjì mọ́ àyà. Mo yí ojú sí i.

“Yèyé, àwọn ọkùnrin yín ti dé. Ẹ wá sọ wọ́n lórúkọ.”

Ẹnu rẹ̀ là, ó pa á dé, ni ikọ́ bá gbé e. Ó wú u pẹ́. Dókítà gbé ojú kúrò lára mi, ó sì ń wo Yèyé títí ikọ́ náà fi tán.

Wọ́n dá mi dúró. Omi tí wọ́n fà kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún wọn, wọ́n ní àfi kí àwọn la ikùn kí àwọn wò ó. Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ bà mí, n kò ní purọ́. Nígbà tí mo jí, òùngbẹ gbẹ mí bí ẹni jẹ iyọ̀, wọn kò sì fún mi lómi. Bí mo bá sín tàbí mo rẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún ń là á. Mo kérora, nọ́ọ̀sì kan bi mí bóyá èmi nìkan ni wọ́n là ní wọ́ọ̀dù. Mo ní ti ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Wọ́n gé ẹran bíńtín nínú mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Dídúró de èsì yẹn burú ju ọgbẹ́ lọ. Mo ń wo ojú dókítà láràárọ̀ bóyá n óò rí i kà níbẹ̀, bí èmi tí kò mọ̀wé ṣe mọ ìwé kíkà tó.

Èsì dé. Dókítà fa àga wá, ó jókòó, ó ní ikọ́ ife ni.

Mo ní n kò wúkọ́.

Ó rọra ṣàlàyé rẹ̀, bí mo sì ṣe gbọ́ ọ ni n óò ṣe sọ ọ́. Ó ní ikọ́ ife kì í gbé àyà nìkan. Kòkòrò rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí. Bí ẹni tí ó ní in bá ń wúkọ́, á bá èémí rẹ̀ jáde, á bá èémí ẹlòmíràn wọlé. Ó lè dúró sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ikùn kí ó kọ́lé síbẹ̀. Wàrà tí a kò sè pàápàá lè gbé irú rẹ̀ wọnú. Tèmi ti dé ara ìfun, ó dé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ìfun, ó dé ara ẹ̀dọ̀. Nígbà tí wọ́n là mí, kókó wẹ́wẹ́ ni wọ́n bá, bí ẹni fọ́n ọkà bàbà sí gbogbo ibẹ̀, ìfun sì ti lẹ̀ mọ́ ìfun.

Ọ̀rọ̀ kókó yìí ni mo bi í léèrè jù, torí ẹ̀rù jẹjẹrẹ ń bà mí. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó ní bí ara bá rí ọ̀tá tí kò lè pa, á mọ odi yí i ká kí ó má bàa rìn. Kókó kọ̀ọ̀kan jẹ́ odi, kòkòrò wà láàrin rẹ̀. Bí odi bá pọ̀ jù nínú ìfun, oúnjẹ kò ní rí ọ̀nà kọjá. Bí ó bá pọ̀ lára ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á wú. Awọ tí ó bo ìfun náà á máa sun omi. Mo rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì títí. Ìyẹn ni pé ní gbogbo oṣù tí wọ́n fi ń kọrin ọpẹ́ lórí mi, ara mi nìkan ló mọ̀ pé ogun ti wọ̀lú. Òun nìkan ló ń mọ odi, ẹnikẹ́ni kò bá a ru yẹ̀pẹ̀.

Ó ní ó ṣeé wò, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún oṣù bíi mélòó kan, oògùn oníhóró fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀ kí ó tó pa ẹnu dé. Ó ní, “Ta ló ń wúkọ́ nílé yín?”

Kì í ṣe ti ara mi ni mo rò. Dúpẹ́ ni mo rò, imú rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n Yèyé, fèrèsé títì, aṣọ bíborí, láti alẹ́ dòwúrọ̀. Yèyé ló tún máa ń jẹ ẹran rọ̀ fún un kí ó tó fi sí i lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, tí mo ń ti ilé lọ gba abẹ́rẹ́, mo jíṣẹ́ dókítà fún Yèyé: kí ó wá kí wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò, kí ọmọ má sì bá a sùn mọ́. N kò tíì rí ìbínú bẹ́ẹ̀. Ó ní ikọ́ ife kò sí nínú ìdílé àwọn, Òṣogbo ni mo ti gbé e wá, nínú àgbàrá aró wa. Ó ya àwo mi sọ́tọ̀, ó ya ife ìmumi mi sọ́tọ̀, ó ní Dúpẹ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ mi. Èmi tí n kò wúkọ́ ń dá jẹun lẹ́yìn ilé. Ẹni tí ó ń wúkọ́ gbé ọmọ mi mọ́ra sùn. Gbogbo àdúgbò sì ní Yèyé ṣe é re, ó ń dáàbò bo ọmọ. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ọgbẹ́ kò gbà.

Ọkọ mi dé. Mo sọ fún un. Ó ní màmá òun ni, báwo ni òun ṣe fẹ́ wí i? Ọkùnrin tí ó lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà olóyè nítorí aṣọ kan, kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ fún ìyá rẹ̀ nítorí ọmọ. Mo wò ó, mo sì rí ohun tí n óò ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni, Yèyé ń múra ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ní gbangba àgbàlá, mo lóṣòó. Ẹni tí ó bá jẹ́ Yorùbá á mọ ohun tí mo ṣe yẹn. Ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó ń kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ. N kò kúnlẹ̀. Ojú ọgbẹ́ ń fà mí, abẹ́rẹ́ ti sọ ìdí mi di kókó, etí mi ń hó nítorí oògùn, ilẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀. Mo fọwọ́ ti orókún, mo wà níbẹ̀.

Yèyé ṣílẹ̀kùn, ó rí mi. Ó bi mí ohun tí mò ń ṣe. Mo ní kí ó bá mi lọ sí ọsibítù, òun àti Dúpẹ́. Ó tìlẹ̀kùn padà.

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pé. Bàbá kan tí ń kọjá, òṣómàálò ni òun náà nígbà kan, dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ọmọ Òṣogbo, kí ni Yèyé jẹ ọ́?”

Mo ní, “Ọmọ mi ni wọ́n jẹ mí.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ọkọ mi sáré jáde. “Ìyá Dúpẹ́, dìde. O ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ládùúgbò.”

“Bàbá Dúpẹ́, ṣé àwọn àgbẹ̀ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ṣé ẹ máa ń dìde?”

Ó wọlé lọ, kò sì jáde mọ́ títí gbogbo rẹ̀ fi parí. Òun kọ́ ni mo wá bá.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù, ó dákẹ́. Oòrùn ti dé orí mi nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí ní bíńtín. Yèyé kò jáde, ohùn rẹ̀ nìkan ló jáde, ohùn kékeré tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìjẹ̀ṣà ló fi sọ ọ́, èdè tiwa ni mo fi ń sọ ọ́ fún yín. Ó ní, “Bí wọ́n bá rí i lára mi, ta ni yóò fẹ́ ọmọ yìí lọ́la? Wọ́n á ní ìdílé ikọ́ ife ni.”

Ẹ̀rù tí ó wà nínú aṣọ funfun nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Ó ti mọ̀. Mo fẹ́ bú u, àmọ́ n kò lókun tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

“Yèyé, òkú ọmọ kì í lọ́kọ.”

Ilẹ̀kùn tì. Mo rò pé ó parí nìyẹn, mo sì ń wá bí n óò ṣe tún dìde. Nígbà tí ó tún ṣí, Yèyé ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ ti ilé. Ó fi ọ̀kan nínú ọjá ìbejì pọn Dúpẹ́. Ó ju èkejì sí mi lẹ́sẹ̀.

“Di ikùn rẹ. Ọgbẹ́ rẹ ti ń sun sí mi lẹ́nu ọ̀nà.”

Mo wò ó, òótọ́ ni, omi pupa ti yọ lára ìró mi. Mo fi ọjá náà di ikùn tí wọ́n rà á fún. A lọ.

Wọ́n rí i nínú itọ́ rẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, ihò wà níbẹ̀. Dúpẹ́ náà, kókó kan ti yọ sí i lọ́rùn tí a rò pé kúrúpá ló fà á. Dókítà ní a tètè dé. Ọmọ lo oògùn oníhóró, kókó náà rọ lọ. Yèyé bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan náà ni a wá ń jókòó sí láàárọ̀, a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ìdí ń dun àwa méjèèjì: èmi á yẹ̀ sí ọ̀tún, òun á yẹ̀ sí òsì, bíi mọ́tò ìsinsìnyí àti mọ́tò àtijọ́.

Ẹni tí ó bá wà lẹ́nu ìtọ́jú yìí, má fi í sílẹ̀ nítorí pé ara ti ń padà. Oṣù díẹ̀ ni mo fi sanra, ibà lọ, ebi ń pa mí. Gbogbo ọlọ́gbọ́n ilé ní kí n dá oògùn dúró, pé ó ń rùn. Àwọn náà ni wọ́n ní mo lóyún. Mo lò ó tán. Bí etí rẹ bá ń hó, bí ilẹ̀ bá ń yí ọ, bí ara rẹ bá ń yún ọ, sọ fún dókítà, má dá ara rẹ lóhùn. Etí òsì mi kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Òun ni mo máa ń kọ sí ẹni tí ó bá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn.

N kò bímọ mọ́. Dókítà ní ọ̀nà tí ọmọ ń gbà ti lẹ̀ pọ̀. Ó dùn mí, ó dùn mí fún ọdún púpọ̀, n kò sì fẹ́ kí ọmọ yìí kọ ọ́ bí ẹni pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wẹ̀ tí ọwọ́ mi bá kan àpá tí ó gba àárín ikùn mi kọjá, mo máa ń kí i. Ikùn tí gbogbo ayé purọ́ mọ́, kò purọ́ fún mi lọ́jọ́ kan. Ó sọ fún mi nídìí ìkòkò aró, ó tú ìró mi, ó bọ́ ẹ̀gbà mi, ó ní kí n wo òun. Alihamudulilahi fún irú ara bẹ́ẹ̀, àti fún òyìnbó tí ó fọwọ́ kàn án tí ó gbà á gbọ́. Wòlíì ní tirẹ̀ kò tíì padà wá ṣàlàyé ibi tí ọkùnrin méjì náà gbà.

Yèyé pẹ́ láyé lẹ́yìn náà, láìwúkọ́. Dúpẹ́ lọ́kọ. Ọjá tí mo fi di ikùn ni mo fi pọn ẹni tí ń kọ ìwé yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí báyìí bóyá mo ti dárí ji Yèyé. Mo ní kí ó kọ ọ́ pé, láti ọjọ́ náà títí Yèyé fi kú, mo kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, mo kúnlẹ̀ kí i lálẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lóṣòó.